Igba Kìlómítà Pẹ̀lú Régis Lẹ́yìn Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Ẹrẹ́nà 2019

Dókítà ojú ní Rodez ti sọ ọ́ tán lónìí. Àárín ojú Régis ti lọ, tọ̀tún tòsì, kò sì ní padà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù fún un. Ó ń rí férémù ilẹ̀kùn, kò rí ẹni tó dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má wa mọ́tò mọ́ o," dókítà wí. "Ẹ má sì gun kẹ̀kẹ́."

"Kí n wá máa ṣe kí ni?" Régis bi í.

Dókítà yí bébà iwájú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èmi ni mo wa mọ́tò gbé ọkọ mi dé ilé wa ní Peyrelonge. Òjò dídì ṣì wà lórí òkè.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ kẹwàá rèé tí kò jáde. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní agbègbè yìí, tó ń da ọ̀dà, tó ń dí ihò, tó ń gé koríko etí títì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì fi ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní báyìí ó jókòó ti sítóòfù bí ológbò tó darúgbó. Mo se ẹ̀wà pẹ̀lú sọ́séèjì, ó jẹ ṣíbí mẹ́ta.

Marcelin yà wá nírọ̀lẹ́. Òun ni alága ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ó sì ti ń bá Régis du iwájú láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì nírun lórí. Ó mú ìwé ìrìn kẹ̀kẹ́ igba kìlómítà wá, èyí tí yóò wáyé ní 15 Òkúdù. Régis fúnra rẹ̀ ló ya ọ̀nà náà lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀nà kéékèèké tí mọ́tò kì í sábà gbà.

"Kí ni kí n fìyẹn ṣe?" Régis wí.

"Mo kàn ní kí n fi tó ẹ létí ni," Marcelin wí. "Ọdún yìí ni màá kọ́kọ́ ṣíwájú rẹ délé."

Ó fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Régis dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Marcelin wò mí. "Ẹnu mi kó bá mi, Ghislaine."

"Ó kó bá ẹ dáadáa."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún un pé mò ń lọ ra ọṣẹ. Espalion ni mo lọ, sọ́dọ̀ tọkọtaya olùkọ́ kan tí orúnkún wọn ti kọṣẹ́. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ oníjòókòó méjì, tí ẹni méjì ń jọ gùn, tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yúrò, mi ò tilẹ̀ ná an. Ó gùn débi pé apá kan rẹ̀ yọ síta láti ẹ̀yìn mọ́tò, mo so aṣọ ìnuwọ́ pupa mọ́ ọn nídìí. Gàgàrà ni mo sọ ọ́ lórúkọ kí n tó délé.

Régis fọwọ́ pa á láti orí dé ìdí. Ó fọwọ́ kan ìjókòó kìíní, ó fọwọ́ kan ìkejì, ó tún padà sí ìkíní.

"Ta ni yóò wà níwájú?"

"Èmi."

"Ìwọ? Ìwọ tí o kò gun kẹ̀kẹ́ kọjá ilé ìdáná ilé-ìwé rí?"

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi gùn ún lọ dáná níbẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Àbí Marcelin lo fẹ́ kó máa gbé ẹ kiri?"

Ó fọwọ́ tẹ táyà méjèèjì. Ó ní ti ẹ̀yìn ò ní atẹ́gùn tó.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Ẹrẹ́nà

Ogójì mítà péré. A ṣubú sínú ọgbà aládùúgbò.

"O ń wà á bí ẹni ń ti wiilibárò!" ó ń pariwo láti inú ewéko. "Má dìrọ̀ mọ́ ọn! Dẹ ọwọ́ rẹ!"

"Ìwọ ni kó o yéé fara tẹ̀ síbi tó wù ẹ́! Èmi ni mo ní ọwọ́ kẹ̀kẹ́!"

Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé, ó tún padà wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Ẹrẹ́nà

Kìlómítà mẹ́sàn-án. Mọ́tò méjì péré la pàdé, ti onílẹ́tà àti ti dókítà màálù.

A ti fẹnu kò sí òfin kan: ohun tí ojú mi bá rí, ẹnu mi gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ihò. Òkè. Jíà. Ṣíwọ́ ẹsẹ̀. Òkúta lọ́wọ́ òsì. Ọ̀fun mi ti gbẹ kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ mí. Nígbà tí mo gbàgbé tí mo dákẹ́, ó lu mí lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Tí o bá ti dákẹ́, bí ẹni pé wọ́n tún paná mọ́ mi lójú ni." Mi ò dákẹ́ mọ́ títí a fi délé. Mo tilẹ̀ ń ka àwọn adìẹ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Ìgbé

Òjò dídì tún dé. Régis fi gbogbo ọjọ́ nu ṣéènì tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Ìgbé

Kìlómítà márùnlélọ́gbọ̀n! Mọ́tò kan àti katakata mẹ́ta. Koríko ti hù láàárín ọ̀dà lórí ọ̀nà oko Combes, bí irun àárín orí. Atẹ́gùn gbá wa lójú ní lílọ, ó sì gbé wa bọ̀ wá sílé bí ìyá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu: ọkùnrin yìí mọ ibi tí a wà. Ó ń fi ìdí gbọ́ títì. "A ti kọjá kànga Combes?"

"Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Ihò kan ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dí i, ó ń padà wá bí àlejò tó mọ ibi tí ìkòkò ọbẹ̀ wà."

Ihò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Régis jẹ àwo oúnjẹ méjì lálẹ́, ó fi búrẹ́dì nu àwo.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Ìgbé

A ṣubú.

Ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò Truyère ni, níbi kọ́nà kẹta. Yanrìn wà lójú títì. Mo rí i, mo pè é, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀ tí mo rí bí odò ṣe jìn tó, ìka mi mú bíréèkì, kò fi í sílẹ̀ mọ́. Gàgàrà yọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó. Eyín iwájú Régis kan kán. Rọ́ọ̀mù, irin tó mú táyà iwájú, tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ.

A jókòó sórí ògiri òkúta fún wákàtí kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó kọjá. Ó ń fi ahọ́n wá eyín rẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn kó tilẹ̀ bú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Ìgbé. Àjíǹde.

Aurore, ọmọ wa, wá láti Clermont pẹ̀lú ṣokoléètì. Ó rí eyín bàbá rẹ̀, ó rí ìgbọ̀nwọ́ mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, ẹ fẹ́ pa bàbá mi ni? Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Kí lẹ̀ ń wá lórí òkè?"

Kí n tó dáhùn, Régis ti dá sí i. "Má bá ìyá rẹ jà. Kẹ̀kẹ́ ti parí. Fún mi ní ẹran àgùntàn díẹ̀ sí i."

Ọjọ́rú, 24 Ìgbé

Régis kò sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, èmi náà ò sọ ọ́. Ó ti padà sídìí sítóòfù. Mo gbọ́dọ̀ kọ òtítọ́ síbí, bí kò bá ṣeé kọ síbòmíràn: nígbà tó ní ó ti parí, ọkàn mi balẹ̀. Ojú ti wá ń tì mí pé ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Ìgbé

Mo lọ bá Marcelin nínú ahéré rẹ̀. Mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

"Régis mọ̀ pé o wá?"

"Rárá."

"Á dáa. Tó bá gbọ́ pé èmi ni mo kọ́ ẹ, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé ibojì."

Ó yá mi ní kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, a lọ sí kọ́nà kẹta. Ó ní, "Ibi tí ojú rẹ bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Tí o bá wo kòtò, kòtò lo máa bá ara rẹ. Wo ẹnu àbájáde. Kó o sì tẹ bíréèkì kó o tó wọ kọ́nà. Tó o bá ti wà nínú ẹ̀, ó ti bọ́."

Ìgbà kìíní, mo fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà kẹta, mo sunkún. Ìgbà karùn-ún, mo bú Marcelin, mo bú ìyá Marcelin. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí, "èébú ń gba ẹ̀rù kúrò lára." Ìgbà kẹjọ, mo dé ìsàlẹ̀ kí n tó rántí pé mi ò bẹ̀rù.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Èbìbí

Rọ́ọ̀mù tuntun ti dé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo gbé bàtà kẹ̀kẹ́ Régis sí iwájú rẹ̀.

"Níbo?"

"Ibi tí a ti ṣubú."

"Mo ti sọ fún Aurore pé—"

"Èmi ò sọ nǹkan kan fún Aurore. Wọ bàtà rẹ."

Kọ́nà kìíní. Ìkejì. Ẹ̀kẹta. Mò ń pè é bí mo ṣe ń rí i: bíréèkì, òsì, fi ara sílẹ̀, ó ti ṣí, tẹ̀ ẹ́! Gàgàrà ń dún bí oyin. Nígbà tí a dé orí afárá, mo dúró. Mo gbọ́ pé ó ń mí lẹ́yìn mi.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ta ni mo mọ̀?"

"Bíréèkì kó o tó wọ kọ́nà. Marcelin nìkan ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kọ́ ọ." Ó bá bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú àlàfo eyín yẹn, ó rín títí ó fi gbá ìjókòó mú. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a ti Rodez dé.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Èbìbí

Kìlómítà mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mọ́tò mẹ́rin. Igbó òdòdó pupa rúsúrúsú ti ṣí ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè. Mo sọ fún Régis, ó ní òun ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ìdajì wákàtí. Kọfí ní Saint-Urcize ti di yúrò kan àti ogójì sẹ́ńtì. Wọ́n fún wa ní omi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí ń dùn mí. Mi ò ní kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Èbìbí

Òní ni àwọn màálù ń gòkè lọ sí pápá. A gbàgbé pátápátá, a bá kó sáàárín wọn lójú ọ̀nà Nasbinals. Ọ̀ọ́dúnrún màálù pẹ̀lú agogo lọ́rùn, ìwo pẹ̀lú òdòdó, àwa méjì láàárín lórí Gàgàrà. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Régis ní tirẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá.

"Régis! Ìwọ rèé?" ọ̀kan nínú àwọn darandaran ké.

"Baptistin, mo ti mọ ohùn rẹ. Orúnkún ń kọ́?"

"Ó ń ké. Ojú ń kọ́?"

"Ó ti lọ. Itan mi ò tíì lọ. Wá wo itan!" Ó gbá itan ara rẹ̀ pà.

Wọ́n fi pòtétò tí wọ́n fi wàràkàṣì pò kún àwo wa, ó ń fà bí ewédú tí wọ́n lù. Ogún ènìyàn ló wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fi ohùn mọ gbogbo wọn àyàfi ẹnì kan, tí ìyẹn sì jẹ́ ará Paris. Ọgọ́fà kìlómítà nígbà tí a délé. Láàárín àwọn ènìyàn yẹn, mo rí i pé ọkọ mi ti padà.

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdù

Àádọ́jọ kìlómítà. Mo sunkún ní àádóje. Ó ní, "Ghislaine, ṣé òjò ni àbí ìwọ ni?" Mo ní òjò ni. Oòrùn ń ràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Òkúdù

Wọ́n ní kùrukùru máa bo orí òkè lọ́la. Aurore fóònù: òun ń bọ̀ láti wá dúró níbi ìparí, "kí n lè bá yín pe ọkọ̀ aláìsàn." Mo ti fi búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ sínú àpò. Régis sọ fún mi bí a ṣe ń pa fìtílà pé, tí aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí ẹgbẹ́ dá bá lù tí a ò tíì dé, òun ò ní gun Gàgàrà mọ́, kò ní í jẹ́ ẹ̀bi mi. Mo ní kó sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Òkúdù

Mo ń kọ èyí pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú omi gbígbóná. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lónìí, kí Marcelin tó tún un sọ ní tirẹ̀.

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ mọ́kànlélógójì la kúrò níwájú gbọ̀ngàn Peyrelonge ní aago mẹ́fà àárọ̀. Wákàtí mẹ́tàlá ààbọ̀ ni wọ́n fún wa. "Ẹ yà fún bọ́ọ̀sì o!" Marcelin ń kígbe nígbà tí a ń kọjá lára wọn. "Régis, ṣé o ti sanwó ọkọ̀?"

"Mi ò san, mò ń fẹsẹ̀ ti í!"

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Truyère bí òkúta tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Gàgàrà wúwo, kò sì sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́nìkan tó lè bá a ní ìsọ̀kalẹ̀. Mo ṣíwájú ọkùnrin mẹ́tàlá, mo kà wọ́n fún Régis níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń lọ sẹ́yìn. Ní Entraygues wọ́n lu káàdì wa lóǹtẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni òkè bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà méjìdínlógún, oòrùn ń jó wa lọ́rùn, gbogbo àwọn mẹ́tàlá náà sì tún kọjá lára wa, wọ́n ń kí wa jẹ́jẹ́. Gàgàrà wúwo ní ìgòkè náà. Mi ò ka ẹnikẹ́ni fún Régis níbẹ̀.

Ní àádóje kìlómítà, a wọ inú kùrukùru.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ń rí táyà iwájú, mi ò rí ju ìyẹn lọ. Ní oríta tó wà lẹ́yìn Nasbinals, ọ̀nà mẹ́ta ló wà, pátákó kan ò sí. Mo dúró.

"Kí lo rí?" Régis bi mí.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Nǹkan kan rárá?"

"Funfun."

"A jẹ́ pé a di ẹgbẹ́ lónìí," ó wí. Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ títì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀ bàtà, ó lọ sí ọ̀nà kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. "Èyí ni wọ́n da òkúta sí lọ́dún tí a bí Aurore, ó ṣì rí gbágungbàgun. Òun ló lọ sí afárá. Gbọ́ omi."

Mo fetí sílẹ̀. Mi ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́.

Láti ibẹ̀ lọ, òun ló ń pè é, èmi ló ń ṣe é. Òkè díẹ̀. Ṣíwọ́. Afárá, rìn láàárín. Ògiri oko máa wà lọ́wọ́ òsì rẹ, má jìnnà sí i. Kò sí mọ́tò kankan. Màálù ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri bí àgbà ọkùnrin. Láìpẹ́ a gbọ́ ohùn nínú funfun yẹn.

"Ta nìyẹn?" Marcelin ni. Òun àti àwọn méjì dúró lójú ọ̀nà oko kan, wọ́n ń na fóònù wọn síwá sẹ́yìn, nẹ́tíwọ̀kì ò sí. "A ti ń yí po láti ogún ìṣẹ́jú!"

"Tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì," Régis wí. "Kó o dákẹ́, kí n lè gbọ́ títì."

Marcelin dákẹ́! Kìlómítà mẹ́rìndínlógún! Mo fi ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé yìí.

Kùrukùru tú ká ní Saint-Urcize. Ó ti jẹ wá ní ìṣẹ́jú àádọ́ta. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, kìlómítà márùndínláàádọ́ta ló kù. Ẹsẹ̀ mi ti di igi. Ní ìgòkè tó kẹ́yìn mo ní mi ò lè ṣe é mọ́. Ó ní, "Má tẹ̀ ẹ́. Kàn máa wà á. Ojú rẹ ni mo nílò, fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún mi." Mo sì gbọ́ ọ lára irin, bó ṣe ń ti àwa méjèèjì gòkè, tó ń mí bíi màálù. Nígbà tí a dé orí, ẹsẹ̀ mi ti padà wá fúnra rẹ̀.

Kìlómítà méjì sílé, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Àwọn méjì yẹn ti kù sẹ́yìn. Marcelin nìkan ló wà pẹ̀lú wa, tó ń fara pamọ́ lẹ́yìn wa kúrò lọ́wọ́ atẹ́gùn. Mo rò pé a ó jọ wọlé pọ̀ ni.

"Ghislaine," Régis sọ jẹ́jẹ́. "Ó ti yí jíà. Mo gbọ́ ṣéènì rẹ̀. Ó ń bọ̀!"

Òótọ́ ni. Aláìmoore náà ti dìde lórí ìjókòó, orí rẹ̀ wálẹ̀, ó ń gba òsì wá. "Tẹ̀ ẹ́!" Régis kígbe. Mo tẹ̀ ẹ́. Pátákó Peyrelonge kọjá. Ilé oníbúrẹ́dì kọjá. Kọ́nà ilé ìjọsìn ń bọ̀, ó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, mo sì rí Marcelin tó mú bíréèkì. Èmi ò mú un. Mo wo ẹnu àbájáde. "Fi ara sílẹ̀!" mo ké, Régis fi ara sílẹ̀ pátá, Gàgàrà dùbúlẹ̀ sínú kọ́nà náà, ó sì jáde lódìkejì bí ọfà. Iwájú gbọ̀ngàn, táyà kan gbáko la fi ṣíwájú rẹ̀!

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta.

Marcelin sùn sórí koríko. "Ẹ̀rọ wà nínú kẹ̀kẹ́ yẹn," ó ń wí. "Mò ń pe ẹjọ́."

"Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lóòótọ́," Régis wí, "ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni."

Aurore ò pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó gbá orí mi mọ́ra tòun ti akoto, ó sì ń sunkún sí i. Régis dúró láàárín gbogbo wọn, ó ń sọ ìtàn kùrukùru fún ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn, àlàfo eyín rẹ̀ gbangba.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Òkúdù

Mo fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé. Régis ṣì ń sùn. Mo rọra rìn lọ ra búrẹ́dì, oòrùn mú dáadáa, kò sí mọ́tò kan lójú títì.

Àwọn èrò mẹ́fà ló wà lórí ìlà. Ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì rí mi, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Ìyá Aurore! A ti gbọ́ o! Régis gun igba kìlómítà, pẹ̀lú ojú rẹ̀ yẹn! Ẹ̀yin lẹ lọ dúró dè é níbi ìparí, àbí?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Ó gùn ún lóòótọ́," mo wí. "Èmi ni mo wà á."

Mo gba búrẹ́dì mi, mo fi ẹsẹ̀ líle yẹn gba àárín wọn kọjá.